Kí-Lẹ-Fẹ́-Fi-Ṣe àti Ilé Wàrà Tí Kò Ní Màlúù

Ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè tó wà ní èbúté, obìnrin kan wà tí kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kí-Lẹ-Fẹ́-Fi-Ṣe ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ̀ pé ó wà nítòsí á fi Màdáàmù ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé kò sí nítòsí á pè é bẹ́ẹ̀ lásán, á sì bojú wẹ̀yìn. Obìnrin kúkúrú ni, ó sanra níwọ̀nba, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn sọ́rùn, ẹ̀rín sì máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ sí létí, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rín yìí náà ló kó bá a. Ẹ̀ka ọkọ̀ àlòkù ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí èrò ń lọ tí èrò ń bọ̀. Ọ̀gá tuntun kan wá dé. Ẹ-Tètè làwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́, torí gbólóhùn tí kò bá fi “ẹ tètè” bẹ̀rẹ̀, ó di dandan kó fi parí i. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, ó na ìka sókè, ó ní lábẹ́ àkóso òun, ẹrù á máa jáde ní èbúté náà kó tó wọlé. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Obìnrin yìí nìkan ló bú sẹ́rìn-ín. Ó sáré fẹ́ sọ ẹ̀rín náà di ikọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sídìí tábìlì bọ́ǹbù.

Tábìlì bọ́ǹbù wà ní àjà kẹta, ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Kò sí bọ́ǹbù kankan níbẹ̀, ìwé ló wà níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti jọ fọwọ́ sí i pé ẹni tí kò bá tíì ní bọ́ǹbù átọ́míìkì kò gbọdọ̀ wá a. Ti àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ mìíràn náà kò sì tíì dé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ra irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ lódindi. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó o jọ: pọ́ǹpù kan láti ibí, páìpù kan láti ọ̀hún, irin kan tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà lè rà á, kó sì fi se ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ orúkọ gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kan tó nípọn bí ìrọ̀rí, tí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí èbúté gbogbo. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì yẹn ṣáájú obìnrin yìí, fèrèsé ló ń fi ìwé náà tì kó má baà máa gbá. Òun yọ ọ́ kúrò lójú fèrèsé, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ìfẹ́ tí wọn kò kọ sí i.

Orílẹ̀-èdè kan wà tí ààlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àwọn òkè tí a ń rí lókèèrè, Ẹ̀yìn-Òkè sì ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Àwọn ìjọba ńláńlá ní Ẹ̀yìn-Òkè ń dá bọ́ǹbù náà ṣe ní kọ̀rọ̀. Àwọn ará Ẹ̀yìn-Òkè ní irọ́ ni, iná mànàmáná làwọn fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí àríyànjiyàn náà kò tán, wọ́n fòfin de òwò pẹ̀lú wọn: ohunkóhun tó bá wà nínú ìwé tó nípọn náà kò gbọdọ̀ gba èbúté kọjá sọ́dọ̀ wọn àfi tí obìnrin yìí bá lu òǹtẹ̀ sí i.

Lọ́dún àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló ṣe ń ṣe é. Ohun tó bá wà nínú ìwé kò ní kọjá, ó parí. Bó ṣe dá ẹ̀rọ kan dúró nìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, tó ń lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀yìn-Òkè. Pọ́ǹpù kékeré kan nínú rẹ̀ ló jọ èyí tó wà nínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ẹ̀rọ náà fi wà nínú ilé ẹrù. Nígbà tó yá, lẹ́tà kan dé tí nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nọ́ọ̀sì náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ pé aláìsàn mẹ́rin làwọn ń fi ọkọ̀ gbé lọ sí ìlú mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ kò fi dé, pé ọ̀nà náà jìn, pé mẹ́ta ló kù báyìí. Ó ní òun kò mọ ẹni tí lẹ́tà náà máa bọ́ sí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí ẹni náà mọ̀.

Odindi oṣù kan, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu yẹn. Ó ti lẹ́tà náà sínú àpótí tábìlì rẹ̀, lábẹ́ àwọn gègé ìkọ̀wé, kò sì fi han ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé ẹrù síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, á yọ awò ojú, á ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe é?” Á wá fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn náà tán. Kò pẹ́ tó fi mọ ìyàtọ̀. Olóòótọ́ a máa ṣàlàyé títí tí yóò fi sú èèyàn, á tún máa fi ọwọ́ júwe bí nǹkan náà ṣe ń yí. Òpùrọ́ a dáhùn ní gbólóhùn kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Ọdún kẹrin rẹ̀ lórí tábìlì náà ni, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí lọ́fínńdà ọkùnrin kan kọ́kọ́ wọlé, tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba ẹrù jáde fún ilé iṣẹ́ tó bá gbà á. Kóòtù rẹ̀ ń dán, bàtà rẹ̀ ń dún, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó lá oyin bọ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” ó ní. “Wọ́n ní ẹ̀yin ni ìyá gbogbo wa níbí.”

“Ẹ káàárọ̀. Mi ò tíì bí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, àmọ́ ẹ má fẹ̀yìn ti àga yẹn o, ó máa ń já èèyàn jù sílẹ̀.”

Ó jókòó sí etí àga, ó sì gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀. Àpótí ẹrù mẹ́rìnlélógún ni, ó ń lọ sí ilé iṣẹ́ wàrà tuntun kan ní Ẹ̀yìn-Òkè. Ẹ̀rọ tí ń ya ọ̀rá kúrò lára wàrà ni wọ́n kọ pé ó wà nínú wọn.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe é?” obìnrin náà bi í.

“Wàrà ni, mà.”

“Mo kà á. Kí lẹ fẹ́ fi wàrà náà ṣe?”

“Kí àwọn ọmọdé rí i mu ni, mà.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ obìnrin náà lára. Ọmọdé, ní Ẹ̀yìn-Òkè, tí kò rí wàrà mu nítorí òǹtẹ̀ òun? Ó ronú kan lẹ́tà tó wà nínú àpótí tábìlì. Ó ti na ọwọ́ mú òǹtẹ̀ náà, ó ti mí èémí sí ìdí rẹ̀ kí tàdáwà rẹ̀ lè rọ̀, nígbà tí ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ tó wo aago.

Obìnrin náà fi òǹtẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ kí wọn,” ó ní. “Ó pẹ́ tí mo ti fojú kan ẹ̀rọ wàrà.”

Òótọ́ lọ́rọ̀ yìí. Ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ló ti dàgbà, àǹtí kan tó ní màlúù mẹ́fà àti ilé wàrà kékeré kan lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí: wàrà á gba òkè wọlé, ọ̀rá á gba ẹnu kan jáde, omi wàrà á gba ẹnu kejì. Yíyí rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Fífọ̀ rẹ̀ ló kórìíra. Àwo irin méjìlélógún ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ojoojúmọ́ ayé sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú wọn palẹ̀, kí wọ́n fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún wọn tò. Àǹtí rẹ̀ a máa ní, “Wàrà kì í dárí ji ọ̀bùn.” Títí di òní, bó bá rí àwo tó tò léra wọn, ọrùn ọwọ́ á máa dùn ún.

Nínú ilé ẹrù, wọ́n ṣí àpótí kan fún un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò jọ ti àǹtí. Àgbá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ga dé àyà rẹ̀, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó dán gbinrin, orí àti ìdí rẹ̀ dí pinpin. Wọ́n so ẹ̀rọ ayíbíírí kan mọ́ ọn nísàlẹ̀. Obìnrin náà tẹ̀ ba, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó tún un kà. Wàrà tó bá yí tó bẹ́ẹ̀ á gbàgbé pé òun jáde lára màlúù rí.

“Ó rẹwà,” ó ní. “Báwo ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́?”

“Fífọ̀, mà?”

“Wàrà ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tí wọn ò bá fọ̀ ọ́ lónìí, lọ́la á máa rùn, lọ́túnla ẹ̀yin gan-an ò ní lè wọ yàrá tó wà, pẹ̀lú lọ́fínńdà tí ẹ fi sára yìí.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ti ìgbàlódé nìyí, mà. Kò nílò fífọ̀.”

“Àǹtí mi ì bá ti rà á.”

Ó padà sókè, ó ṣí ìwé tó nípọn náà. Àgbá náà wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń yí yúréníọ̀mù tí wọ́n ti sọ di afẹ́fẹ́, kí èyí tó fúyẹ́ lè ya kúrò lára èyí tó wúwo. Èyí tó fúyẹ́ ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá yí i mọ níwọ̀n, á tan iná fún ìlú. Bí wọ́n bá yí i títí tó fi kọjá ààlà, ó lè pa ìlú rẹ́. Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ó bi ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ atúnaagoṣe, pé kí lèrò rẹ̀ nípa nǹkan tó ń yí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ọkọ rẹ̀ kò gbé ojú kúrò lára aago tó ń tú. “Ẹni tó ṣe é,” ó ní, “kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àbí ìwọ lo fẹ́ fọwọ́ kàn án?”

Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Bó bá pariwo, tó sì jẹ́ wàrà ni lóòótọ́, ojú ta ni yóò tún fi wo lẹ́tà nọ́ọ̀sì? Bó bá dákẹ́ ńkọ́? Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ó fúnra rẹ̀ hùmọ̀ fọ́ọ̀mù tuntun kan. Fọ́ọ̀mù Ìwádìí Lórí Ohun Ọ̀sìn ló pè é. Ó bi wọ́n níbẹ̀ pé màlúù mélòó ló wà ní ilé wàrà náà, kí ni wọ́n ń jẹ, lítà mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fún lójúmọ́. Ní ìlà keje, ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí: “Nínú àwọn màlúù tó ń fún wàrà, akọ mélòó, abo mélòó?”

Ó lu òǹtẹ̀ ńlá sí orí fọ́ọ̀mù náà kó lè níyì, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà, tó ti sọ ní Lọ́fínńdà. Ọjọ́ kẹta ni ìdáhùn dé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n fọwọ́ sí i. Irinwó màlúù, lítà ọgọ́ta lójúmọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà keje: akọ igba, abo igba.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ẹ-Tètè ránṣẹ́ pè é. Àwọn oníṣòwò tó fẹ́ gba ẹrù wàrà náà ti ń fi tẹlifóònù dà á láàmú láti àárọ̀.

“Màdáàmù, ẹ tètè lu òǹtẹ̀ sí ẹrù wàrà yìí, ká rí ìsinmi.”

“Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ bá mi ka ìlà keje.”

Ẹ-Tètè kà á. Ọmọ ìgboro ni, inú páálí ló ti mọ wàrà. “Kí ló ṣe é? Ìdajì-ìdajì ni. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀.”

“Akọ màlúù igba, ọ̀gá. Lítà ọgọ́ta lójúmọ́.”

Ọ̀gá náà tún un kà. Obìnrin náà rí i bí òye náà ṣe ń gun ọrùn rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dé etí rẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ di ikọ́, kò ṣeé ṣe. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín náà débi pé akọ̀wé rẹ̀ yọjú wá wò bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó gbé tẹlifóònù, ó sì pe ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìkánjú ló ń bá a jà.

Ẹni tí wọ́n rán wá láti ibẹ̀ jẹ́ obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ na etí kó tó gbọ́ ọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Kí-Lẹ-Fẹ́-Fi-Ṣe sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀. Àlejò náà wo àwòrán inú ìwé, ó wo fọ́ọ̀mù màlúù, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà kan.

“Ẹ gbọ́, mà,” ó ní. “Àwọn ará Ẹ̀yìn-Òkè àti àwa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ síta. A fẹ́ kí wọ́n gba àwọn olùbẹ̀wò láyè kí wọ́n wọ ibẹ̀ lọ wò. Tí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí sójú ìwé ìròyìn lónìí, ìtìjú á mú wọn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, a ò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé mọ́. Tí a bá sì jẹ́ kí ẹrù náà kọjá, a ti fọwọ́ ara wa gbé e fún wọn. Ṣé ẹ lè dá a dúró láì sọ ìdí tí ẹ fi dá a dúró?”

“Títí dìgbà wo?”

“Mi ò mọ̀. Títí tí wọ́n á fi gbà.”

Kí-Lẹ-Fẹ́-Fi-Ṣe fọwọ́ lé àyà. “Ọmọ mi, ogún ọdún ó lé ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹ ti bá ẹni tó yẹ pàdé.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní búlúù tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé kì í ṣe búlúù tí òfin wí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní nọ́ńbà àpótí kẹsàn-án àti kẹfà jọ ara wọn jù, kí wọ́n tún wọn kọ. Ó ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí wá pé ara àwọn akọ màlúù náà dá, pàápàá ọmú wọn. Lọ́fínńdà ń gun àtẹ̀gùn àjà kẹta náà lójoojúmọ́, títí tí bàtà rẹ̀ kò fi dún mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò wá. Wọ́n rán ẹnì kan lọ sí àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní lóòótọ́ ni ọ̀gbẹ́ni kan ń gba lẹ́tà lọ́dọ̀ òun, pé èèyàn dáadáa ni, pé irun rẹ̀ kì í sì í ṣòro gé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, aṣojú ìjọba Ẹ̀yìn-Òkè fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn náà wá. Àgbà ọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Obìnrin náà dìde fún un, ó sì kìlọ̀ fún un nípa àga.

“Wọ́n ní ẹ fẹ́ràn màlúù, Màdáàmù,” aṣojú náà ní nígbà tó jókòó.

“Púpọ̀, bàbá. Ti yín ló wù mí láti rí jù. Mi ò rí akọ tó ń fún wàrà rí.”

Aṣojú náà di ojú rẹ̀ díẹ̀, ó là á. “Ẹni tó dáhùn fọ́ọ̀mù yẹn ti gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu mi.”

“Ṣé ilé wàrà ni, bàbá?”

“Ìjọba mi ní ilé wàrà ni.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Ẹnu ni mí, mà. Orí wà nílé.”

Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ wàrà. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó tutù, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bó bá ti kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dárúkọ bọ́ǹbù, kò sì sí ọ̀kan tó ń ro nǹkan mìíràn. Nígbà tó yá, ohùn aṣojú náà yí padà. Ó ní inú àwọn èèyàn òun kò dùn sí bí wọ́n ṣe ń fi ojú olè wò wọ́n. Ó ní òfin tí wọ́n fi de òwò kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jókòó sí ààfin. Inú ilé oògùn ló ń dé, àti ọ̀dọ̀ aláboyún. “Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ ò lè mọ̀,” ó ní.

Kí-Lẹ-Fẹ́-Fi-Ṣe ṣí àpótí tábìlì, ó sún àwọn gègé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì nawọ́ lẹ́tà nọ́ọ̀sì sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹlòmíràn máa kà á. Aṣojú náà kà á, ó tún un kà, ó ká a padà bó ṣe wà.

“Èmi ni mo dá ẹ̀rọ yẹn dúró,” obìnrin náà ní. “Èmi náà, lórí tábìlì yìí.”

“Ìlú ìyá mi ni ilé ìwòsàn yìí wà,” aṣojú náà ní. “Kí ni ká ṣe báyìí, Màdáàmù?”

Ibí yìí ni obìnrin náà ti ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó rán an. Ó ní, “Bàbá, mi ò lè lu òǹtẹ̀ sí ti akọ màlúù láéláé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jẹ́ kí àwọn olùbẹ̀wò wọ ilé wàrà yẹn, wọ́n á kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹrù ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ níbí.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ìjọba mi,” obìnrin náà ní, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́.

Kí aṣojú náà tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, obìnrin náà ti pe Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí tẹlifóònù, ó sì ròyìn ohun tí ìjọba ti ṣèlérí.

“Ta ló fún yín láṣẹ, mà?” Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Kò sẹ́ni tó ní kí n má ṣe é. Àbí ẹ̀yin náà kì í sọ pé tí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra? Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, òsì nìkan là ń lò.”

Nígbà tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ padà. “Ẹ tún un sọ, mà. Díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án làwọn ikọ̀ méjèèjì fi tilẹ̀kùn mọ́ra ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn oníròyìn ya fọ́tò wọn bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ka ìwé gígùn kan tí kò sẹ́ni tó yé. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú rẹ̀ tó yé Kí-Lẹ-Fẹ́-Fi-Ṣe. Àwọn olùbẹ̀wò á wọ Ẹ̀yìn-Òkè. Ẹrù ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ ní èbúté.

Àwọn olùbẹ̀wò lọ. Wọ́n bá gbọ̀ngàn ńlá kan níbẹ̀, wọ́n dá ihò sí ilẹ̀ rẹ̀ ní ìlà-ìlà fún nǹkan tó máa nàró, iná mànàmáná tó wọ ibẹ̀ sì tó ti odindi ìlú. Wọn kò rí màlúù kan, wọn kò rí koríko. Alábòójútó ibẹ̀ ní àwọn màlúù ti lọ fún ìsinmi. Àwọn olùbẹ̀wò kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, wọ́n gbé kámẹ́rà sára ògiri, wọ́n fi èdìdì di àwọn ilẹ̀kùn. Àwọn àpótí mẹ́rìnlélógún tó wà ní èbúté, wọ́n fọ́ ohun inú wọn wómúwómú níṣojú ẹlẹ́rìí láti ìhà méjèèjì.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ẹ̀yìn-Òkè lé àwọn olùbẹ̀wò jáde, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún gbà wọ́n padà. Àwọn ìjọba ńláńlá náà ṣèlérí pé àwọn á dẹ okùn òwò, wọ́n sì ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la. Obìnrin náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí rédíò bí ẹni tó ń gbọ́ ìjà tọkọtaya tó wà ní yàrá kejì: bí wọ́n ṣì ń pariwo, wọn ò tíì kọ ara wọn. Ní tirẹ̀, ẹrù ilé ìwòsàn tí wọ́n fún un ní ọjọ́ méje fún, ọjọ́ kan ló ń lò. Á béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é, á gbọ́ ọ tán, á lu òǹtẹ̀.

Lọ́dún tó máa fẹ̀yìn tì, wọ́n pè é síbi àpèjẹ kan ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, torí pé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti di ọ̀gá ńlá níbẹ̀. Aṣojú Ẹ̀yìn-Òkè wà níbẹ̀, ó ti darúgbó sí i. Ó fi èrò sílẹ̀, ó wá bá a lẹ́bàá ògiri.

“Màdáàmù, a ti ra màlúù,” ó ní.

“Ṣé ẹ ò purọ́ fún mi, bàbá?”

“Ìgbàkígbà táwọn olùbẹ̀wò bá dé, wọ́n á ní àwọn fẹ́ rí wàrà. Ìtìjú pọ̀ jù fún wa. Ọgọ́rin la kọ́kọ́ rà, a ti ń sún mọ́ ọ̀ọ́dúnrún báyìí. Alábòójútó yẹn ló ń tọ́jú wọn, ó sì mọ orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.”

“Akọ mélòó?”

“Mẹ́ta,” aṣojú náà ní. “Wọn kì í fún wàrà. A ti gbìyànjú.”

Lẹ́yìn oṣù kan, páálí wàrà mẹ́fà dé sórí tábìlì rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ìwé ẹrù tí wọ́n fi búlúù tó yẹ fọwọ́ sí. Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan lọ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ èsì rẹ̀ síwèé pé wàrà ni. Ó pín mẹ́rin fún àwọn òṣìṣẹ́ àjà kẹta, Ẹ-Tètè gba tirẹ̀ nínú wọn, ó sì gbé èyí tó kù lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ bu díẹ̀ sínú tíì, ó rò ó, ó tọ́ ọ wò, ó ní àfi bí ẹni pé ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.